Oògùn èébì fún ẹni tó ń gba kímò: ta ló mọ ibi tí a ti lè rí i nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́?

Ọmọ Ajílété · Ọjọ́ Àìkú, 9:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Ó pé ọjọ́ mẹ́wàá lónìí tí màmá mi gba kímò (oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ) àkọ́kọ́. Jẹjẹrẹ ọmú ni. Abẹ́rẹ́ pupa tó dà bí omi sóbò yẹn, doxorubicin, ni wọ́n fún wọn, pẹ̀lú èkejì rẹ̀ tó ń jẹ́ cyclophosphamide. Ara wọn dá ṣáṣá títí a fi délé lọ́jọ́ náà, wọ́n tilẹ̀ jẹ ẹ̀kọ méjì pẹ̀lú ẹ̀fọ́. Nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́ ni èébì dé, kò sì dá títí ilẹ̀ fi mọ́. Abọ́ tí a fi ń fọ ìrẹsì ni mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn. Mo dà á nù, mo fọ̀ ọ́, mo tún gbé e padà, mi ò lè ka iye ìgbà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, omi ṣíbí kan kò dúró nínú wọn. Kò sí ohun tó ń jáde mọ́, síbẹ̀ ikùn wọn ń fà. Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n tó lè mu ògì. Wọ́n wá sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, bí mo bá máa kú, jẹ́ kí n kú sílé. Mi ò lọ síbẹ̀ mọ́."

Oògùn mẹ́ta ni dókítà kọ láti dá èébì dúró: ondansetron, dexamethasone àti aprepitant. A rí méjì àkọ́kọ́ rà. Ẹ̀kẹta ni kò sí. Mo ti wọ fámásì ní Táákì, mo ti dé Sábó, mo ti wọ méjì lójú ọ̀nà Ìlọrin. Ẹnì kan ní òun ò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Fámásì ilé ìwòsàn tí a ti ń gba kímò ní ó ti tán, pé kí n máa bọ̀ wá wò ó. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa padà lọ, ọjọ́ 11 ló kù. Ẹ bá mi wá a, ẹ jọ̀ọ́.

Bàbá Sábó · 9:58 alẹ́

Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Ọlọ́run á wo màmá sàn. Ìbàdàn nìkan kọ́ la ti lè wá oògùn yìí o, Ìlọrin sún mọ́ wa jù ú lọ, ilé ìwòsàn yunifásítì wà níbẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ tẹ fámásì láago kí o tó wọ mọ́tò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni èmi àti ìyàwó mi ná owó ọkọ̀ dànù nígbà tí à ń wá oògùn fún bàbá rẹ̀.

Olùfẹ́ Ewé · 10:15 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìyá mi àgbà máa ń se atalẹ̀ àti efinrin fún ẹni tí èébì bá ń gbé. Ẹ sè é, kí màmá máa mu ún láàárọ̀ àti lálẹ́. Kí ẹ sì fi kímò yẹn sílẹ̀ ná, kí ara wọn balẹ̀. Ìyà yìí ti pọ̀ jù.

Nọ́ọ̀sì Àgbà · 10:52 alẹ́

Olùfẹ́ Ewé, mo mọ̀ pé àánú ló mú ẹ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó fi kímò sílẹ̀ ná. Ọjọ́ 21 tó wà láàárín àkọ́kọ́ àti èkejì, wọ́n ṣírò rẹ̀ ni: ó tó kí ẹ̀jẹ̀ ara padà bọ̀ sípò, kò sì pọ̀ débi tí jẹjẹrẹ yóò fi gbérí. Atalẹ̀ díẹ̀ nínú omi gbígbóná, bí dókítà bá ti gbọ́ sí i, mi ò bá a jà. Àgbo inú ìgò ni mi ò fẹ́ gbọ́. Ẹ̀dọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lórí kímò náà ló máa ṣiṣẹ́ lórí àgbo, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú ìgò náà tàbí bó ṣe le tó.

Ọmọ Ajílété, mo fẹ́ bi ẹ́ ní ìbéèrè kan. Ìgbà wo lo fún màmá ní ondansetron yẹn? Ṣé kí èébì tó dé ni, àbí ìgbà tí wọ́n ti ń bì?

Ọmọ Ajílété · 11:03 alẹ́

Ìgbà tí wọ́n ti ń bì ni, mà. Mo rò pé bí a ṣe ń lo panadó ni, pé tí orí bá ń fọ́ la máa ń lò ó. Wọ́n bì í jáde pẹ̀lú omi tí mo fi fún wọn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà · 11:31 alẹ́

Má dára ẹ lẹ́bi. Ohun tí mo rí jù ní wọ́ọ̀dù nìyẹn, ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, àwa tó ń fún wọn ní ìwé oògùn la kì í ṣàlàyé tó. Oògùn yìí kì í lé èébì lọ, ẹnu ọ̀nà ló ń dí mọ́ ọn. Ó ní láti wà lára kí kímò tó wọlé, nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan ṣáájú. Bí o bá délé, aago ni wàá máa wò, kì í ṣe ojú màmá. Bí wọ́n bá kọ ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ sí i, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni, ì báà jẹ́ pé màmá ń rẹ́rìn-ín. Bí wọn ò bá lè gbé oògùn mì, ondansetron kan wà tó ń yọ́ lórí ahọ́n. Bèèrè rẹ̀.

Mo tún fẹ́ kí o mọ èyí: èébì kímò, oríṣi méjì ni. Ọ̀kan máa ń dé láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́. Èkejì máa ń dé lẹ́yìn ìyẹn, ó sì lè di ọjọ́ karùn-ún. Ondansetron mọ ti àkọ́kọ́ bá wí dáadáa. Ti ọjọ́ kejì sí ìkẹta yẹn ló ń ṣòro fún un, òun ni wọ́n ṣe kọ aprepitant mọ́ ọn.

Bí màmá ò bá lè mu omi kó dúró fún odidi ọjọ́ kan, bí ìtọ̀ wọn bá dínkù tó sì dúdú, tàbí bí ara wọn bá gbóná dé 38, má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn LAUTECH tàbí Bowen tó bá sún mọ́ ẹ jù, kí o sì sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé kímò ni wọ́n ń gbà. Ibà lára ẹni tó ń gba kímò kì í ṣe ibà tí à ń fi oògùn ibà tọ́jú nílé. (Ìtọ̀ tó pọ́n ní ọjọ́ kìíní sí èkejì, abẹ́rẹ́ pupa ló fà á, má jẹ́ kó já ẹ láyà.)

Apòògùn Ilé · Ọjọ́ Ajé, 6:20 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀. Apòògùn ni mí, mo sì ní fámásì nílùú yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ẹ ò fi rí aprepitant, nítorí kì í ṣe pé wọ́n ń fi pa mọ́ fún yín.

Òkè òkun ló ti ń wá. Láti oṣù kẹfà 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ lọ́wọ́ dọ́là, iye oògùn òkèèrè ti fò kọjá agbára ọ̀pọ̀ wa. Ọdún yẹn náà ni GSK àti Sanofi kéde pé àwọn ń kúrò ní Nàìjíríà, ọ̀nà tí oríṣiríṣi oògùn fi ń wọlé sì dàrú. Ẹ wá fi ti ìlú tiwa kún un. Fámásì kékeré bíi tèmi tó bá ra páálí aprepitant mẹ́wàá, ta ló máa rà á? Ẹni méjì lè bèèrè lóṣù, oṣù mìíràn kó má sí ẹnì kan. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i lára á pé, owó mi á sì wọgbẹ́. Nítorí náà, ìgbà tí ẹnì kan bá bèèrè la máa ń pè é láti Ìbàdàn tàbí Èkó. Bí ẹ bá sọ fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ó ṣeé ṣe. Bí ẹ bá sọ fún wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kímò, àánú yín nìkan la lè ṣe.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó rèé kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ń wá: kápúsù mẹ́ta ni, mílígíráàmù 125 ní ọjọ́ kìíní, 80 ní ọjọ́ kejì, 80 ní ọjọ́ kẹta. Bí ẹnì kan bá fẹ́ tà yín ní ẹyọ kan ṣoṣo pé ó ti tó, kò tó.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ló kù. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ olanzapine. Ó wà ní ìlú yìí, kò wọ́n rárá. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ti ń fi kún oògùn èébì kímò láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n dán an wò lára ènìyàn 380 tó ń gba kímò tó le, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2016 nínú New England Journal of Medicine, ìwé ìwádìí àwọn dókítà. Nínú àwọn tó lò ó mọ́ ìyókù, 74 nínú 100 ni èébì kò tilẹ̀ gbé rárá ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Nínú àwọn tí kò lò ó, 45 ni. Mílígíráàmù 10 ni wọ́n lò nígbà náà. Àwọn ará Japan wá rí i pé 5 náà ń ṣiṣẹ́, àwọn ará India sì dé orí 2.5 ní 2024, oorun rẹ̀ sì dínkù. Mi ò ní kí ẹ lọ rà á fúnra yín o. Ẹ pe dókítà yín, ẹ bi í pé, "Bí a ò bá rí aprepitant, ṣé a lè fi olanzapine sí i?" Gbólóhùn kan péré.

Ọmọ Ajílété · Ọjọ́ Ajé, 4:45 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, sà. Mo bèèrè rẹ̀ ní fámásì kan lónìí kí n lè mọ̀ bóyá wọ́n ní i. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn wojú mi, ó ní, "Ta ni orí ẹ̀ ń dàrú nílé yín?" Gbogbo ènìyàn tó wà níbẹ̀ yíjú. Ojú tì mí. Mo délé, mo wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí mo rí ni pé oògùn wèrè ni. Sà, màmá mi kì í ṣe wèrè. Bí àwọn ará ilé bá rí i lọ́wọ́ mi ńkọ́? Bàbá mi lè ní jẹjẹrẹ ti wọ ọpọlọ wọn nìyẹn.

Mo Yè É · Ọjọ́ Ajé, 5:30 ìrọ̀lẹ́

Àbúrò mi, Ọ̀yọ́ ni mo wà. Jẹjẹrẹ ọmú, abẹ́rẹ́ pupa, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Mo ti parí rẹ̀ tipẹ́, irun mi ti hù, ó tilẹ̀ nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Èmi náà lo oògùn tí wọ́n ń pè ní oògùn wèrè yẹn. Kímò àkọ́kọ́ àti èkejì, ohun tó ṣe màmá rẹ ló ṣe mí. Kí kímò kẹta tó pé, mo ti ń bì ní gáréèjì. Wọn ò tíì fi abẹ́rẹ́ kàn mí o. Òórùn oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn ni mo rántí, ikùn mi dìde. Mo sọ fún ọkọ mi pé ká padà sílé. Nọ́ọ̀sì kan ló lọ bá dókítà sọ̀rọ̀, wọ́n sì fi olanzapine kún oògùn mi. Alẹ́ ni mo ń lò ó, kí n tó sùn, ọjọ́ mẹ́rin.

Alẹ́ àkọ́kọ́, mo sùn bí ọmọ ọwọ́. Mo jí láàárọ̀, mo jókòó sétí ibùsùn, mò ń retí kí èébì dé. Kò dé. Mo gbọ́ tí aládùúgbò mi ń din àkàrà, òórùn epo wọlé láti fèrèsé, mo sì ń retí. Kò dé. Mo wá ní kí ọmọ mi lọ ra àkàrà náà wá. Mo jẹ ẹyọ kan, mo sunkún sórí rẹ̀.

Kì í ṣe pé kò ní wàhálà tirẹ̀. Orí mi ń fúyẹ́ bí mo bá dìde kíákíá, mo sì ń tòògbé di ọ̀sán. Ẹ má jẹ́ kí màmá dá lọ ilé ìwẹ̀ lóru. Ṣùgbọ́n ti pé wèrè, gbọ́ mi dáadáa: oògùn kì í mọ orúkọ tí a sọ ọ́. Dexamethasone tí màmá ń lò yẹn, àwọn tó ní ikọ́ fée ń lò ó, àwọn tó ń wá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń lò ó. Yọ páálí rẹ̀ dànù bí ó bá jẹ́ pé páálí ló ń dẹ́rù bà ẹ́.

Apòògùn Ilé · 5:52 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ páálí dànù. Orúkọ oògùn, nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́, ara páálí ni wọ́n wà. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ ní kí dókítà kọ ọ́ sínú ìwé oògùn kan náà pẹ̀lú ìyókù, kó kọ "fún èébì kímò" sí iwájú rẹ̀. Bí ẹ bá gbé ìwé yẹn wá, kò sí apòògùn tó yẹ kó bi yín ní ìbéèrè tó dójú tì yín. Ohun tí ọmọbìnrin yẹn ṣe kò dára, mo sì bá a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ.

Ọmọ Aláàfin · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:10 àárọ̀

Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gba kímò, a ò rí ondansetron lọ́jọ́ kan. Kẹ́mísì àdúgbò fún wa ní metoclopramide, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Plasil, ó ní kó máa lò ó ní gbogbo ìgbà tó bá ti bì. A ò ka iye rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀gànjọ́, ọrùn rẹ̀ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò lè dá a padà. Ojú rẹ̀ ń wo òkè, ahọ́n rẹ̀ le. Màmá wa ti ń pariwo pé wọ́n ti ṣe é. Ilé ìwòsàn la gbé e lọ, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ kan, kò pẹ́ rárá tí ọrùn fi padà bọ̀ sípò. Dókítà ní oògùn náà ló fà á, pé ó wọ́pọ̀ lára àwọn ọ̀dọ́.

Apòògùn Ilé · 8:25 àárọ̀

Òótọ́ pátápátá. Ọmọ Ajílété, èyí kàn ẹ́: bí dókítà bá gbà kí màmá lo olanzapine, wọn ò gbọdọ̀ lò ó pọ̀ mọ́ metoclopramide. Ibì kan náà nínú ọpọlọ ni àwọn méjèèjì ń lọ. Wo inú àpò oògùn yín dáadáa.

Ará Ọjà Èkó · 1:15 ọ̀sán

Mo rí ojúlówó oríṣi aprepitant tó jẹ́ abẹ́rẹ́ ní fámásì ńlá kan níbí, fosaprepitant, 150. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gbà á. Mo lè fi ránṣẹ́ pẹ̀lú mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́la, kí ẹ lọ gbà á ní gáréèjì.

Apòògùn Ilé · 1:40 ọ̀sán

Ọlọ́run á san án fún yín. Ṣùgbọ́n inú fíríìjì ni abẹ́rẹ́ yẹn ń gbé, láàárín 2 sí 8. Bí ẹ bá fi sínú bùútù mọ́tò láti Èkó nínú oòrùn yìí, kó tún há sí ojú ọ̀nà, a ò mọ ohun tí yóò kù nínú rẹ̀ nígbà tó bá débí. Bí ẹ bá máa fi ránṣẹ́, inú kúlà ni, pẹ̀lú yìnyín tí a fi aṣọ wé kó má baà dì, kó sì jẹ́ ẹni tí ẹ mọ̀ ló gbé e lọ́wọ́. Èyí tó jẹ́ kápúsù ò ní wàhálà yẹn.

Bàbá Sábó · 2:05 ọ̀sán

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń polówó oògùn lórí fóònù náà. Ọ̀rẹ́ mi sanwó fún oògùn jẹjẹrẹ lọ́wọ́ ẹnì kan tí kò rí rí. Ohun tó dé, lẹ́tà inú orúkọ rẹ̀ ò pé, ọjọ́ tó wà lára páálí àti èyí tó wà lára sáṣẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ ò dọ́gba. Wọ́n ti pa fóònù kí ó tó pè wọ́n padà.

Ti owó náà ńkọ́, ọmọ mi? Ìjọba àpapọ̀ ní owó ìrànwọ́ kan tó ń jẹ́ Cancer Health Fund, fún àwọn tí ọwọ́ wọn ò tó o. Jẹjẹrẹ ọmú wà nínú èyí tó ń bójú tó, UCH ní Ìbàdàn sì wà lára àwọn ilé ìwòsàn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Bèèrè ọ́fíìsì àwọn sósíà wọ́kà ní ilé ìwòsàn yín.

Ọmọ Ajílété · Ọjọ́rú, 7:30 alẹ́

Mo bá dókítà sọ̀rọ̀ lónìí. Ẹ̀rù ń bà mí kí n tó sọ ọ́, mo rò pé wọ́n á ní èmi ni mo fẹ́ kọ́ àwọn níṣẹ́. Wọ́n ní, "Ó dára tí o bèèrè." Wọ́n kọ olanzapine 5 sí i, alẹ́, ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ fi metoclopramide kún un. Wọ́n ní kí n ṣì máa wá aprepitant, ṣùgbọ́n bí mi ò bá rí i, kí n má torí rẹ̀ sún ọjọ́ kímò síwájú. Apòògùn Ilé, mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́la, sà.

Mo tún ka ọ̀rọ̀ Mo Yè É sí màmá létí, gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi àkàrà, wọ́n ní kí n tún un kà.

Ọmọ Ajílété · Ọjọ́ Ajé, 10:10 alẹ́

A ti dé láti kímò èkejì, Ọjọ́bọ̀ la lọ. A ò rí aprepitant títí a fi lọ. Ondansetron àti dexamethasone wọlé kí abẹ́rẹ́ pupa tó wọlé, mo dúró ti nọ́ọ̀sì títí mo fi rí i. Mo kọ aago oògùn sára ògiri pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì.

Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n bì, Ọjọ́ Ẹtì, níbi tí bàbá ti ṣí ìkòkò irú láìmọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré! Èébì ń gbé wọn díẹ̀díẹ̀ ní Àbámẹ́ta, ṣùgbọ́n wọ́n ń mu ògì tútù, ife kékeré, wákàtí méjì-méjì. Oorun ni wọ́n ń sùn ṣáá. Ìgbẹ́ ló há wọn, ọjọ́ mẹ́ta kò yà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà · 10:24 alẹ́

Ondansetron ló ń fà á. Ìbẹ́pẹ tó pọ́n, omi lọ́pọ̀lọpọ̀, kí wọ́n máa rìn díẹ̀ nínú ọgbà. Bí kò bá yà di ọ̀la, pe dókítà kó kọ oògùn tó máa dẹ̀ ẹ́. Má fa omi sí wọn nídìí nílé o, ẹ̀jẹ̀ wọn ò lágbára tó láti gbógun ti kòkòrò lásìkò yìí.

Ọmọ mi, o ṣeun. Ara mi yá gágá lálẹ́ yìí.

Ará Awẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:05 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o. Láti òru ni mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Cisplatin ni wọ́n fẹ́ fún bàbá mi ní Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, aprepitant náà sì wà nínú ìwé wa. Ọ̀yọ́ níbí, mo ti wá a, mi ò rí i.

Ọmọ Ajílété · 6:30 àárọ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Apòògùn Ilé ti pe ti màmá mi láti Ìbàdàn fún kímò kẹta, Ọjọ́bọ̀ ló máa dé. Mo máa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pe méjì. Mo ń kọjá ní Ọ̀yọ́ ní Ọjọ́ Ẹtì, màá gbé e lọ́wọ́. Ẹ ya ìwé oògùn bàbá ní fọ́tò kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn lónìí, kí ẹ sì bi dókítà yín ní ìbéèrè yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú.